Ẹ Kú Ọ̀nà: Ọ̀rọ̀ Ẹnu Nínú Eré Alápá Mẹ́ta

 

Àwa mẹ́rin ni a jọ kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ilé òrìṣà kan náà ni wá ní London, ìlú tí òjò rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn gbàgbé omi. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ ọmọ Ògún, èkejì jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣun, ẹ̀kẹta tó jẹ́ àgbà wa jẹ́ ti Ọbàtálá. Àbúrò wa tó kéré jù kò tíì ṣe òrìṣà, ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ló tíì gbà. Yàtọ̀ sí ojúbọ, ohun mìíràn tó so wá pọ̀ ni eré ìje tí wọ́n ń pè ní triathlon. Eré alápá mẹ́ta la ó máa pè é níhìn-ín. Èèyàn á kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, á jáde nínú omi á gun kẹ̀kẹ́, á sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ sá ìyókù. Àárọ̀ ọjọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀, aago kò sì ní dúró de yín nígbà tí ẹ bá ń bọ́ aṣọ rọ́bà.

A kò fi eré yìí yangàn o. Kò sí ẹni tó mọ̀ wá níbẹ̀, àárín èrò la máa ń wà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti kó àmì ojú ọ̀nà tẹ̀lé ọ̀kan nínú wa lẹ́yìn rí nítorí pé òun ló kù. Ohun tó mú wa kọ̀wé ni pé a fi ẹnu wa ṣẹ ẹ̀gbọ́n wa kan nínú ilé, lójú ọ̀nà eré, níbi tí a ti rò pé ìwúrí là ń fún un. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ìyálóòṣà. Láti ìgbà náà la ti ń ro bó ṣe yẹ kí èèyàn máa bá ẹni tí wọ́n jọ ń díje sọ̀rọ̀, a sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni ilé òrìṣà ti kọ́ wa tẹ́lẹ̀, tí a fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ojúbọ nígbà tí a wọ bàtà eré.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà: ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ sá èyí tí wọ́n fi orúkọ triathlon pè, ní Mission Bay ní San Diego ní Amẹ́ríkà. Èèyàn 46 ló kópa. Èyí tí àwa máa ń sá ni èyí tí wọ́n ń sá ní Òlíńpíìkì: kìlómítà 1.5 nínú omi, 40 lórí kẹ̀kẹ́, 10 lórí ẹsẹ̀. Ní ọdún 2012, adágún Serpentine tó wà nínú Hyde Park níhìn-ín ni wọ́n ti lúwẹ̀ẹ́. Èyí tó gùn ju tiwa lọ, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ironman, ọmọ Ògún wa nìkan ló ń lá àlá rẹ̀, orúkọ irin tó wà nínú rẹ̀ ló sì ń dùn mọ́ ọn.

Yorùbá kì í kọjá lára ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láìkí i. Ẹni tó ń dirun, a ó ní “ojú gbooro o”. Aláró, a ó ní “àrẹ̀dú o”. Ẹni tó wà lórí ọ̀pẹ, a ó ní “igbà á rọ̀ o”. Ìkíni wọ̀nyí kì í ṣe ìyìn, wọn kì í sì í ṣe ìmọ̀ràn. Wọn kò sọ fún aláró pé aṣọ rẹ̀ dára, wọn kò bi í pé ìgbà wo ni yóò parí. Wọ́n rí i níbi tó wà, wọ́n sì fẹ́ kí iṣẹ́ náà yọrí. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í sá eré alápá mẹ́ta, a wá ìkíni tó bá a mu, a kò rí. A wá mú “ẹ kú ọ̀nà” àti “ẹ kú ìrọ́jú”, a sì ń lo àwọn yẹn láàrin ara wa.

Àwọn òyìnbó tí a jọ ń sáré náà ní tiwọn. Wọ́n á ní o ṣe é, wọ́n á ní ara rẹ ṣì le, wọ́n á ní ó kù díẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń dá wa lágara. Nínú eré kan, olùyọ̀ǹda kan dúró lẹ́bàá tábìlì omi ní kìlómítà kẹrin, ó ń fi ẹ̀rín sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ó kù díẹ̀, bẹ́ẹ̀ kìlómítà mẹ́fà ló wà níwájú. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ á ná ìwọ̀nba agbára tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó bá yí kọ̀rọ̀ tí kò rí òpin, ọkàn rẹ̀ á já. Bí ẹ kò bá mọ iye tó kù, ẹ má sọ ọ́. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: ó ku méjì, òkè kan ló wà nínú rẹ̀. Olùsáré lè fi ìyẹn ṣe nǹkan.

Ọ̀rọ̀ tiwa náà sì lè já sí òdì bí a bá gbé e sínú èdè wọn. Ọmọ Ọ̀ṣun wa rí ọkùnrin kan tí pajápajá mú lẹ́sẹ̀, tó jókòó sórí koríko tó ń ki ojúgun rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Pẹ̀lẹ́” ló wà lọ́kàn rẹ̀, “sọ́rì” ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó tìyanutìyanu, ó ní ṣé ìwọ lo ṣe é ni? Sọ́rì tiwọn, ẹ̀bi ló ń jẹ́wọ́, pẹ̀lẹ́ tiwa, ìrora ẹlòmíì ló ń bá pín. A rẹ́rìn-ín títí a fi délé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ọmọ Ọ̀ṣun bá rí ẹni tó jókòó, ìbéèrè kan péré ló máa ń bi í: ṣé kí n bá ọ pe ènìyàn? Bí ẹni náà bá ní rárá, ó ti lọ nìyẹn.

A sọ pé ìbéèrè kan péré, nítorí ìbéèrè lẹ́nu eré wúwo ju bí èèyàn ti rò lọ. Ẹni tí èémí rẹ̀ kò tó fún ara rẹ̀, ẹ ní kó tún yọ nínú rẹ̀ kó fi dá yín lóhùn. “Báwo ni?” “Ṣé o ti sá a rí?” “Wákàtí mélòó lo fẹ́ lò?” Èyí tó kẹ́yìn yẹn, etí omi ni wọ́n ti máa ń béèrè rẹ̀, níbi tí gbogbo ènìyàn dúró sí pẹ̀lú fìlà rọ́bà lórí, tí ìyà ń jẹ àwọn tuntun ní inú. Àwa náà ti bi ènìyàn rí. Ọmọbìnrin kan dá wa lóhùn pé òun kàn ń gbàdúrà kí òun má rì ni. Ojú tì wá. Nísinsìnyí, bí a bá máa sọ̀rọ̀ létí omi, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni, tàbí kí a bá èèyàn fa sípì ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ sókè. Fífa sípì ẹlẹ́gbẹ́ ẹni sókè dára ju ọ̀rọ̀ ìṣírí mẹ́wàá lọ.

Ọ̀rọ̀ àìdáhùn tún wà. Nílé, bí a bá kí èèyàn tí kò jẹ́ wa, ìjà ti dé nìyẹn. Ó pẹ́ kó tó yé wa pé lójú ọ̀nà eré, ìkíni kì í béèrè èsì. Ẹlòmíràn á gbé ìka kan sókè, ẹlòmíràn á mi orí, ẹlòmíràn kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tó yín. Ẹ ó rí i níwájú pé ibi tí a ti ṣìnà gan-an nìyí.

Àgbà wa, ọmọ Ọbàtálá, ló kọ́kọ́ rán wa létí pé ẹnu ẹni tó ti ṣe òrìṣà kì í ṣe ẹnu lásán. Àbúrò wa ń kígbe fún obìnrin kan tó ń gun òkè lórí kẹ̀kẹ́ pé kó má dúró, kó má sọ̀ kalẹ̀. Àgbà ní: “Àbúrò, kí ló dé tó o fi ń pe ìdúró, tó o ń pe ìsọ̀kalẹ̀? Ohun tó o bá fẹ́ ni kó o pè.” Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá wa nìyí. A kì í sọ fún aboyún pé kó má kú, a máa ń sọ pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Láti ọjọ́ náà, dípò “má ṣubú”, “ẹsẹ̀ rẹ á dúró” là ń sọ. Dípò “má jẹ́ kó sú ọ”, a ó ní “orí rẹ á gbé ọ dé”. Lédè àwọn ará ibí, a kàn ń sọ pé ẹsẹ̀ rẹ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò dùn tó tiwa, ṣùgbọ́n ó ṣe é gbà.

Ẹ gbọ́ ti omi. Àbúrò wa tí kò tíì ṣe òrìṣà yìí ló ṣe é, òun ló sì kéré jù nínú wa. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ, kò tíì ju igba mítà lọ sínú adágún, nígbà tó rí ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gbé orí sókè, tó ń mí hẹ̀hẹ̀hẹ̀ bí ajá tó sáré. Omi tútù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn: àyà á fún, èémí á máa wọlé láìjáde, ìbẹ̀rù á sì gba orí. Àwọn èèyàn ń kọjá lára ọkùnrin náà lọ́tùn-ún lósì. Àbúrò dúró. Kò fọwọ́ kàn án, nítorí ẹni tí omi ń dẹ́rù bà lè di ènìyàn mú kó sì fà á wọlẹ̀. Ó kọjú sí i láti ìwọ̀n apá kan ààbọ̀, ó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí omi fúnra rẹ̀ kí ọkùnrin náà lè rí bí wọ́n ti ń ṣe é, ó ní: “Fẹ́ atẹ́gùn jáde.” Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ló ń tún sọ. Ó gbé apá kan sókè, ó ń jù ú fún ọkọ̀ kékeré àwọn olùṣọ́ omi. Òfin gbà kí olùdíje di ọkọ̀ náà mú kó sinmi, bí ọkọ̀ kò bá ṣáà ti gbé e lọ síwájú. Ọkùnrin náà dì í mú, ó mí, ó mí, nígbà tó yá ó fi ọwọ́ júwe fún àbúrò pé kó máa lọ. Ó parí eré náà. Lẹ́yìn èyí ó wá wa kiri láàrin èrò, ó ní òun kò rántí ojú ẹni tó dúró ti òun, ohùn nìkan lòun rántí. Àbúrò sọ fún wa nílé pé Yemọja lòun ń bá sọ̀rọ̀ nínú ikùn òun ní gbogbo ìgbà tí ẹnu òun ń sọ “fẹ́ atẹ́gùn jáde”.

Ní ti kẹ̀kẹ́, Ògún ló ni ín. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré, a máa ń nu kẹ̀kẹ́ wa, a ó sì fún Ògún ní iṣu sísun àti ẹmu, bí a bá rí ẹmu rà. Ọmọ Ògún wa máa ń so màrìwò kékeré kan mọ́ abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn tó gbé kẹ̀kẹ́ wọn ti tiwa máa ń béèrè pé kí nìyẹn. A ti fẹnu kò pé “ààbò ni” ni ìdáhùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí ọkùnrin kan ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kejì, kì í ṣe àkókò láti la ẹ̀sìn yé e. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á padà wá béèrè lẹ́yìn eré, wọ́n sì ti ń padà wá.

Òfin kẹ̀kẹ́ le ju ti ìyókù lọ, òun ló sì kó wa sí wàhálà. Nínú eré irú tiwa, a kò gbọdọ̀ sá mọ́ ẹ̀yìn ẹlòmíràn kó máa bá wa gé atẹ́gùn. Àlàfo mítà 10 ló gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹ bá fẹ́ kọjá, ẹ ní ìṣẹ́jú àáyá 20 láti fi kọjá. Ẹni tí wọ́n bá sì ti kọjá, òun ló gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn títí àlàfo á fi padà. Ẹ gún un sórí pé ẹni tí wọ́n kọjá ni. Ìbágùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹni kò sí rárá. Ní ilẹ̀ yìí òsì là ń gùn, ọ̀tún la sì ti ń kọjá. Ẹ̀gbọ́n kan tó kọ́ eré náà ní Amẹ́ríkà wá bá wa sáré, ó ń kígbe “òsì rẹ!” bí wọ́n ti ń kígbe lọ́hùn-ún. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ yà sí ọ̀tún lójijì, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbá ara wọn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ láti sọ bí a bá ń kọjá, kí a sọ ọ́ bí a ti ń lọ, kí a má fi ẹsẹ̀ dúró lórí rẹ̀.

A mọ gbogbo èyí. A mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí a ṣẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa tí à ń wí yìí jẹ́ obìnrin ẹni ọdún 59 nígbà náà, Yemọja ló sì ni orí rẹ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́ ìṣòrìṣà rẹ̀ sí oṣù Kẹsàn-án. Ilé wa tẹ̀lé ìlànà tí àwọn àgbà gbé wá láti Kúbà: ẹni tó bá ṣe òrìṣà, ọdún kan gbáko ni yóò fi wọ funfun gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, kò sì ní wọ agbo èrò, kò ní sáré ìje kankan. Eré oṣù Keje ọdún náà ni èyí tó kẹ́yìn fún un kó tó jókòó sórí ẹní, òun náà ló kẹ́yìn kó tó pé ọgọ́ta ọdún. Ohun tó ń wá kò ju pé kó parí láìpé wákàtí mẹ́ta. Ọdún méjì ṣáájú, ìṣẹ́jú mẹ́fà ló fi kọjá á. Ọdún tó tẹ̀lé e, ìṣẹ́jú méjì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, bí a ti ń jẹ ìrẹsì pọ̀, ó sọ fún wa pé: “Lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́.” A ní a ti gbọ́, mà. A rò pé ó ń dápàárá ni.

Ìyípo mẹ́rin ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ náà. Ní ìyípo kẹta, ọmọ Ògún bá a láti ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn, nítorí ó rí i pé ẹ̀gbọ́n ń yára ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Ó yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ẹ kú ọ̀nà, mà. Kò dáhùn. Ó tún un sọ. Kò dáhùn. Ó rò pé atẹ́gùn ló gbé ohùn òun lọ, ó dẹ ẹsẹ̀ kí wọ́n lè jọ máa lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ Yemọja wú u lórí. Ibẹ̀ ni ọmọ Ọ̀ṣun bá wọn, òun náà kó ìyìn sí i láti ẹ̀yìn. Mẹ́ta ló di ojú ọ̀nà. Rẹfirí gun ọ̀kadà kọjá, ó fọn fèrè, ó kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Táyà ọmọ Ògún ti kọjá táyà ẹ̀gbọ́n, nítorí náà òun ni òfin ní kó fà sẹ́yìn, òun kò sì fà, nítorí ó rò pé ọmọ Ògún á kọjá lọ bí ọmọlúwàbí.

Wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 59, ìṣẹ́jú àáyá 21 ló fi dé òpin. A rí i tó kúnlẹ̀ tó fi orí kan koríko. Nígbà tí wọ́n lẹ èsì mọ́ pátákó, wọ́n ti fi ìṣẹ́jú méjì ìyà lé e. Ó ka a, ó tún un kà, ó gbé àpò rẹ̀, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin lọ sílé. Ọkọ̀ wa ni wọ́n fi gbé e wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi dá wa lóhùn. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a fi èèyàn bẹ̀ ẹ́. Ìyálóòṣà wa ló pe gbogbo wa jọ nígbẹ̀yìn. Ó ní kí a ro ẹjọ́ wa. A rò ó dáadáa, a fi ìfẹ́ tí a ní sí ẹ̀gbọ́n ṣe gbogbo ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ mú àpẹẹrẹ àwọn ọmọ Brownlee jáde. Ní ọdún 2016 ní Cozumel, ní Mẹ́síkò, oòrùn pa Jonathan tó wà níwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́. Alistair, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bá a, ó gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó sì tì í kọjá ìlà kí òun tó kọjá. Gbogbo ayé yìn ín, a ní ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n sí àbúrò nìyẹn. Ọmọ Ọbàtálá wa, tó mọ òfin jù wá lọ, ló dá ẹ̀rí náà nù. Ó ní òfin ti yí padà láti ìgbà náà, ẹni tó bá gbé ẹlòmíràn síwájú báyìí, wọ́n á yọ àwọn méjèèjì. Ó ní kí a tún rántí Tokyo ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, níbi tí Jess Learmonth àti Georgia Taylor-Brown, ọmọ ilẹ̀ yìí méjèèjì, ti di ọwọ́ ara wọn mú kọjá ìlà. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, wọ́n sì yọ àwọn méjèèjì. Àwa kò gbà pé òfin yẹn dára tó bẹ́ẹ̀, a ń sọ ọ́ títí di òní. Àmọ́ kò ràn wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ìyálóòṣà kò bá wa sọ ti òfin rárá. Ó ní: “Nígbà tẹ́ ẹ kí i lẹ́ẹ̀kíní tí kò dáhùn, kí lẹ ṣe?”

A ní a tún un kí, mà.

“Nígbà tí kò tún dáhùn ńkọ́?”

A ní a gbé ohùn sókè.

Ó dákẹ́. Ó ní: “Ara yín lẹ ń kí.”

Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó ní orí òun lòun ń bá sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ìyípo ẹsẹ̀ kan, orúkọ kan: ìyá rẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀, gbogbo àwọn tó ti lọ tó mọ̀ lórúkọ. Ó ní ìyẹn lòun fi ń gun òkè. Nígbà tí ariwo wa dé, òun kò mọ ẹni tí òun kà dé mọ́, ẹsẹ̀ òun sì dàrú. Ó ní òun kò bínú sí ìṣẹ́jú méjì mọ́, ti orúkọ tí òun gbé sọnù ló ń dun òun.

Àbúrò wa béèrè ohun kan lọ́jọ́ náà tí a kò tíì yanjú. Ó ní bí ẹnu wa bá ní àṣẹ lóòótọ́, tí a sì wúre fún ẹni tí a jọ ń díje, tó wá fi ìre náà kọjá wa, ṣé kì í ṣe pé a ti fi ẹnu wa ba ti ara wa jẹ́? Ọmọ Ògún ní bẹ́ẹ̀ ni, pé òun kì í wúre fún ẹni tí òun rí ẹ̀yìn rẹ̀, àfi ẹni tó bá ti wà lẹ́yìn òun. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ṣeré. Ọmọ Ọbàtálá ní orí kì í bá orí jà, pé ọ̀nà là ń bá díje, kì í ṣe ènìyàn. Àbúrò ní kí ló wá dé tí wọ́n fi ń kọ ipò wa sílẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tó bá ní ìdáhùn, ẹ bá wa dá sí i.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà yẹ kí a fi ẹnu bà díẹ̀. Àwọn eré kan máa ń tẹ orúkọ mọ́ nọ́ńbà àyà kí àwọn òǹwòran lè máa fi pe èèyàn. Ó máa ń dùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje tó ń pe ọmọ Ọbàtálá wa lórúkọ ní gbangba, láìsí “bàbá” níwájú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró kó bá a wí. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá béèrè orúkọ tí a fẹ́ kí wọ́n tẹ̀, “Bàbá” ló ń kọ. Gbogbo òǹwòran á sì máa kígbe “Bàbá! Bàbá!” fún un, láìmọ̀ pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un.

Ohun tí Ìyálóòṣà fi bá wa wí ni pé àwa la ó sìn nígbà ìṣòrìṣà ẹ̀gbọ́n. A kò ní sọ ohun tó wà nínú yàrá, ẹ̀yin tí ẹ ti wọ̀ ọ́ ti mọ̀ ọ́n, àwọn tí kò tíì wọ̀ ọ́ á dé ibẹ̀. Ti ìta la lè sọ. A pọn omi, a wa ewé, a tu ìyẹ́ adìẹ títí ọwọ́ wa fi bó. Lálẹ́, a máa ń tò sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, lórí ilẹ̀, bóyá ìyàwó á fẹ́ nǹkan. A kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ àfi bó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ Ògún, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ, ló ṣòro fún jù. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta a gbọ́ tó ń wúkọ́. Ọmọ Ọ̀ṣun fẹ́ la ẹnu, ọmọ Ògún ló di í lọ́wọ́ mú. Ó pẹ́ díẹ̀, ohùn kan ti inú yàrá wá, ó ní: “Ṣé ẹ wà níbẹ̀?” A ní a wà níbẹ̀, mà. Kò tún sọ nǹkan mìíràn, ó sùn.

Ọdún funfun rẹ̀ parí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, ó fi orúkọ sílẹ̀ fún eré kan náà, létí adágún kan náà. Ó ti di ẹni ọdún 61. Ní ọjọ́ Sátidé, lórí ìrẹsì, ọmọ Ògún ló béèrè ní tirẹ̀ pé: “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ kí a ṣe lọ́la?” Ó rò ó. Ó ní nínú omi, kò sí nǹkan. Lórí kẹ̀kẹ́, ẹ kọjá mi bí ẹni tí ò mọ̀ mí. Lórí ẹsẹ̀, ní ìyípo kejì, lẹ́yìn afárá, ibẹ̀ ni ọkàn mi máa ń rẹ̀. Ẹ kí mi níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan.

Àwa méjì ti parí tiwa nígbà tó débẹ̀, àwọn méjì tó kù ṣì ń sá lọ. A dúró lẹ́yìn afárá, aṣọ wa ṣì tutù. Ó yọ, kò wo ọ̀tún kò wo òsì, ètè rẹ̀ ń mì. A dúró títí ó fi dé iwájú wa gan-an. A ní: “Ẹ kú ọ̀nà, mà.”

Ó gbé ìka kan sókè. Ó ti kọjá.

Wákàtí mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló lò. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó jókòó sínú ọkọ̀ wa, ó bọ́ bàtà, ó béèrè bóyá ìrẹsì àná kù.